Ẹjọ́ Ìpara ní Àjàṣẹ́

Mi ò fẹ́ràn ìyàwó wa Clémence nígbà tó kọ́kọ́ wọlé wa, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ má baà rò pé ìfẹ́ ló ń tì mí sọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọmọ Adakplamè ni. Ẹ̀gbọ́n mi Barnabé ló fẹ́ ẹ wá sí Idigny nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń gba owó-orí lọ́wọ́ wa. Èmi Solange, àbúrò Barnabé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò nílé ọkọ tèmi nígbà náà, mo padà sílé bàbá mi pẹ̀lú ẹrù kan ṣoṣo àti ẹnu tó mú bí abẹ. Ẹrù náà ti gbó. Ẹnu náà ṣì wà.

Ohun tí mo kà sí i lọ́rùn ni pé kì í jókòó. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dáná sábẹ́ ìkòkò ẹkùrọ́, èéfín á bo gbogbo agbo ilé, àwa tí a fẹ́ sùn díẹ̀ sí i á máa wúkọ́. Ìyá wa á sì máa yìn ín. Ìyá wa kò yin èmi rí, nítorí náà ẹ lè mọ bí ó ti rí lára mi.

Jọkẹ́ ni ìyá wa ń jẹ́. Ó máa ń se ìpara tí àwọn àgbẹ̀ fi ń pa ẹ̀yìn àti orúnkún wọn bí wọ́n bá ti oko iṣu dé. Wọ́n á yan ẹkùrọ́ títí á fi dúdú, wọ́n á gún un, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é títí àdín á fi léfòó. Wọ́n á wá da òrí tí àwọn ará òkè ń kó wá sí i, pẹ̀lú omi ewé èfìnrìn àti káfúrà díẹ̀. Ìgbà tí a ó da òrí sí i ni gbogbo ọgbọ́n ibẹ̀ wà. Bí iná bá pọ̀, ó ti bàjẹ́. Bí iná bá kéré, á dì lọ́jọ́ kejì bí ẹ̀kọ tútù. Òórùn ni ìyá wa fi ń mọ̀ pé ó ti tó. Nínú gbogbo àwa obìnrin tó wà nílé, Clémence nìkan ló rí i kọ́. Èmi ọmọ inú ìyá mi, mo sè é lẹ́ẹ̀kan péré, ajá kò fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò náà kọjá.

Inú ìgò abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń bù ú sí, àwọn ìgò pẹnisílínì kékeré tí àwọn nọ́ọ̀sì bá ti lò tán, tí a ti fọ̀ tí a sì ti sè nínú omi gbígbóná. Ní ọdún kan, káfíńtà aláàkiri kan gba ìlú wa kọjá, ó jẹun nílé wa, kò sì ní ohun tí yóò fi dúpẹ́. Ó mọ̀wé díẹ̀. Ó bi ìyá wa pé kí ló wà nínú ìgò. Ìyá wa ní, "Ìpara ni." Káfíńtà náà wá gbẹ́ IPARA sára igi ìrókò kékeré kan, ó ní kí ìyá wa máa tì í bọ inú aró, kí ó sì máa tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Láti ìgbà náà ni ìgò ìpara wa ti ń wọ aṣọ: bébà àpò sìmẹ́ńtì tí a gé wẹ́wẹ́, tí a tẹ̀ ní aró, tí a fi ògì lẹ̀. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó rò pé orúkọ ni a fún un. Ìpara ni ìpara. Ẹni tó ń ta iyọ̀ lè kọ iyọ̀ sára àpótí rẹ̀, kò sọ pé òun ló ni iyọ̀.

Nígbà tí ìyá wa kú, igi ìrókò yẹn bọ́ sọ́wọ́ Clémence. Ó gbé iṣẹ́ náà dé ibi tí ìyá wa kò gbé e dé. Ó ń tà ní Kétu, ó ń tà ní Pobẹ̀, àwọn ará Mẹ̀kọ ń sọdá wá rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló tún òrùlé ilé ṣe. Òun ló ń rán Gaston, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ní ilé ìwé àwọn fadá ní Kétu, nítorí Barnabé ẹ̀gbọ́n mi, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n oko rẹ̀ kò ju ohun tí a ń jẹ lọ. Bí ìpara bá dúró, ilé ìwé dúró. Clémence mọ̀ ọ́n, gbogbo wa mọ̀ ọ́n.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí n tó dé ibi ẹjọ́. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá nílé ọkọ rẹ̀, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí kí wọ́n tó gbé ìyàwó wọlé. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn ìyàwó kan wà tó ń fi ṣe eré, tí wọ́n á pe orúkọ tán tí wọ́n á fọwọ́ bo ẹnu. Clémence kì í ṣe irú wọn. Èmi, Eyínfúnjowó ló ń pè mí. Ọkọ rẹ̀, Bàbá Gaston. Ìyá wa, Ìyá ni, ó parí. Ẹlẹ́kọ kan tún wà ní ìsàlẹ̀ ìlú tó ń jẹ́ Jọkẹ́ bíi ti ìyá wa. Clémence kì í pe ìyẹn náà. Á ní, "Ẹ bá mi ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ ẹlẹ́kọ ìsàlẹ̀." Mo máa ń dán an wò nígbà mìíràn, màá ní, "Ẹlẹ́kọ wo? Kí lorúkọ rẹ̀?" Á rẹ́rìn-ín, á fi omi wọ́n mi. Níbi eré yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn rẹ̀, n kò mọ ìgbà tó di tòótọ́.

Àlájì Mùsílíù ni ọkùnrin Àjàṣẹ́ kan tó ń wá ra ìpara lọ́wọ́ rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ lórí apẹ̀rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ ẹrù, ó ń ta aṣọ, ó ń ta sìgá, ó ń ta gbogbo ohun tó bá ṣeé tà. Ọkùnrin arẹwà ni, á ti rẹ́rìn-ín kí ó tó sọ̀rọ̀. Á jókòó lórí àga wa, á bi Clémence léèrè nípa Gaston, á bi í nípa oko ọkọ rẹ̀, á bi í nípa ìpara. Lẹ́yìn òmìnira, ó ṣàdédé dẹ́kun wíwá. Kò pẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í rí agolo pẹlẹbẹ pupa kan lọ́jà Pobẹ̀, tí wọ́n tẹ IPARA sí lórí gàdàgbà. Mo ra ọ̀kan láti wo inú rẹ̀. Faselíìnì àti lọ́fínńdà ni. Ó ń rùn dáadáa, kò sì ṣe orúnkún ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. A rẹ́rìn-ín sí i, a ní kí Àlájì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọdún karùn-ún òmìnira, òjíṣẹ́ ilé-ẹjọ́ gun alùpùpù wá sí Idigny, ó fún Clémence ní ìwé kan, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Katikíìsì ìjọ wa ló kà á fún wa. Ó kà á tán, ó tún un kà, ó yọ dígí ojú rẹ̀. Àlájì Mùsílíù ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì kan lókèèrè tó ń forúkọ ọjà sílẹ̀ fún gbogbo ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú tó ń sọ Faransé, ó ti fi IPARA síbẹ̀, wọ́n sì ti fún un. Ẹnikẹ́ni tó bá tún kọ IPARA sára ohun tí wọ́n fi ń pa ara, olè ni. Kí Clémence wá sọ tẹnu rẹ̀ ní Àjàṣẹ́.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Ta ló fún un? Ta ló ni ìpara tó fi fún un?" Katikíìsì ní àwọn tó gba ìwé rẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá. Lójú tiwọn, IPARA jẹ́ orúkọ kan tó dùn létí, tí ẹnikẹ́ni kò tíì mú. Clémence kò rẹ́rìn-ín. Ó bi katikíìsì pé, "Gaston ńkọ́? Bí wọ́n bá gba ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ mi, kí ni mo fẹ́ máa pe ọjà mi?"

A kọ́kọ́ lọ wá àwọn obìnrin tó ń ta ìpara bíi tiwa. Àwọn tó ń ké "ìpara rè é o" láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ lọ́jà Odomèta wá ń wò wá bí ẹni tí kò rí wa rí. Ọ̀kan ní òun kò ta ìpara rí láyé òun, epo lásán lòun ń tà. Igbá ìpara wà níwájú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́! Òmíràn ní ọkọ òun kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́ tìríbúnà. N kò dá wọn lẹ́bi púpọ̀. Ìjọba ń yí padà nígbà náà bí ẹni ń pààrọ̀ aṣọ, kò sí ẹni tó mọ èyí tó máa mú òun lọ́la. Barnabé náà kò bá wa lọ. Ó ní ebè iṣu òun ń dúró de òun, ó ní kí a ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Gbogbo ìmọ̀ràn rẹ̀ nìyẹn. Èmi ni mo tẹ̀lé Clémence, a wọ ọkọ̀ ẹrù dé Pobẹ̀, a wọ ọkọ̀ ojú irin dé Àjàṣẹ́.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ẹjọ́, ògbufọ̀ tó fẹ́ máa túmọ̀ fún wa fà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkùnrin onínúure ni, Yorùbá rẹ̀ ní èdè Gùn nínú. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń lò, òfin kì í fún ẹnì kan. Ẹ ṣáà fi yé adájọ́ pé gbogbo ayé ń lò ó. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ." Clémence tún un sọ lábẹ́lẹ̀, "Gbogbo ayé ń lò ó, gbogbo ayé ń lò ó," bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́. Ọkàn mi balẹ̀. Mo tiẹ̀ ra àkàrà jẹ.

Adájọ́ náà, ọmọ ilẹ̀ wa ni, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Yorùbá, Faransé ẹnu rẹ̀ sì dán ju ti àwọn Faransé lọ. Àlájì Mùsílíù jókòó lápá kan nínú agbádá funfun, agbẹjọ́rò rẹ̀ láti Kútọnu jókòó tì í. Wọ́n gbé igi ìrókò ìyá mi tí a mú wá sórí tábìlì, wọ́n to ìgò wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Clémence dúró lójú kan náà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lẹ́yìn.

Adájọ́ bi í, ògbufọ̀ túmọ̀: kí ló ní láti sọ?

"Gbogbo ayé ló ń pè é ní ìpara, mèsìyé. Ohun tí a bá fi pa ara, ìpara ni."

Adájọ́ kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tí kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ayé kì í wá jẹ́rìí. Kí ó dárúkọ ẹnì kan, ẹyọ ẹnì kan péré, tó kọ ọ̀rọ̀ yìí sára ìgò kí Àlájì tó fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyá ni," ni Clémence wí.

"Ìyá ta ni?"

"Ìyá ọkọ mi."

"Kí ni orúkọ rẹ̀?"

Clémence tún ní, "Ìyá ni." Adájọ́ ní ó dáa, kí ni orúkọ ọkọ rẹ̀?

"Bàbá Gaston."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ògbufọ̀ náà, ó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó gbìyànjú láti ṣàlàyé ní Faransé pé àṣà wa ni. Adájọ́ gbé ọwọ́ sókè, ó ní ilé-ẹjọ́ kì í kọ àṣà sínú ìwé, orúkọ ló ń kọ. Bí kò bá sí orúkọ, a jẹ́ pé kò sí ẹnikẹ́ni.

N kò lè jókòó mọ́. Mo dìde, mo ní, "Ẹ bi mí! Èmi ni ọmọ rẹ̀! Èmi lè pè é!" Adájọ́ ní ta nìyẹn? Wọ́n ní àbúrò ọkọ ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ni. Ó ní inú ilé kan náà ni wá, òun kò gba ẹ̀rí mi, òun kò sì gba ariwo. Mo ti la ẹnu láti sọ orúkọ ìyá mi nígbà tí ọlọ́pàá méjì gbé mi lápá, ọ̀kan fọwọ́ bò mí lẹ́nu. Wọ́n jù mí síta sínú oòrùn bí ìdọ̀tí. Mo sáré yí ẹ̀yìn ilé lọ síbi fèrèsé, mo di irin rẹ̀ mú. Orúkọ náà wà lẹ́nu mi, kò sì sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi tí mo lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Nínú ilé, Adájọ́ ti ń pa ìwé rẹ̀ dé. Mo rí Clémence tó wo igi ìrókò lórí tábìlì. Mo rí i tó yí ara rẹ̀ padà, tó kọ ẹ̀yìn sí adájọ́, tó kọjú sí apá òkè níbi tí ọ̀nà ilé wa wà. Ó kúnlẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ rò pé ó ń bẹ̀bẹ̀ ni, wọ́n ní kí ó kọjú síwájú. Èmi nìkan ni mo mọ ẹni tó kúnlẹ̀ fún. Ó fi orí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ foríjì mí, Ìyá." Ó wá sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń ṣàìsàn lọ.

"Jọkẹ́."

Wọ́n ní kí ó tún un sọ sókè kí akọ̀wé lè gbọ́. Ó tún un sọ. Mo ń sunkún lójú fèrèsé bí ọmọdé.

Mo rò pé ó ti parí, pé a ti jàre. Agbẹjọ́rò Àlájì dìde, ó tẹríba fún Clémence, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lóòótọ́ ni, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ilé-ẹjọ́ ti gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin náà fúnra rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ayé ló ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sára ìgò. Obìnrin kan ni, ní abúlé kan, pẹ̀lú igi kan: Jọkẹ́. A jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbogbo ayé. Àmì tí Jọkẹ́ fi sára ọjà tirẹ̀ ni. Jọkẹ́ kò kọ̀wé sí ọ́fíìsì kankan kí ó tó kú, ọ̀rọ̀ náà sì wà nílẹ̀ láìsí ẹni tó ni ín. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ̀wé ló ni ín. Oníbàárà òun ló kọ́kọ́ kọ̀wé. Ó ń sọ ọ́, ó ń fi ìka lu tábìlì, Jọkẹ́ báyìí, Jọkẹ́ báyẹn, bí ẹni ń pe ọmọ ọ̀dọ̀.

Ògbufọ̀ onínúure yẹn túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún Clémence. Ó túmọ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́, kò gbójú sókè. Mo rí i nígbà tó yé e. Kò pariwo, kò ṣubú. Ó ṣáà fọwọ́ nu ẹnu rẹ̀, ó tún nù ún, bí ẹni tó ní ohun kan létè tí kò fẹ́ kúrò.

Wọ́n dá ẹjọ́ náà kí oòrùn tó wọ̀. Igi ìrókò di ti ilé-ẹjọ́. Wọ́n fọ́ gbogbo ìgò tó ní bébà lára sí ẹ̀yìnkùlé, òórùn èfìnrìn gba gbogbo ibẹ̀ kan, àwọn ọlọ́pàá ń fi epo tó dà sílẹ̀ pa ọwọ́ wọn. Clémence kò gbọ́dọ̀ kọ IPARA sára ohunkóhun mọ́, kò sì gbọ́dọ̀ ké e tà lọ́jà. Bí wọ́n bá tún gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ nídìí ọjà, ẹ̀wọ̀n ni. Lẹ́nu ọ̀nà, Àlájì Mùsílíù rẹ́rìn-ín kí ó tó sọ̀rọ̀, bí ìṣe rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá Gaston. Òwò ni." Mo sọ ohun tí n kò lè tún sọ níbí fún un. Ó fọwọ́ gbọn agbádá rẹ̀, ó wọ ọkọ̀.

A wọ ọkọ̀ ojú irin padà. Nígbà tí a ń sún mọ́ Pobẹ̀, ó ní, "Eyínfúnjowó, n kò ní lè purọ́ fún un." Mo mọ ẹni tó ń sọ. Mo ní kí ó má sọ fún Barnabé, kò pọn dandan. Ó ní àwọn ará Kétu wà nínú ilé-ẹjọ́, yóò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn.

Ó sọ ọ́ fún un ní ọjọ́ tí a dé, lórí ìkúnlẹ̀. Barnabé kò bi í nípa ìgò, kò bi í nípa Gaston. Ó ní, "O pe Ìyá lórúkọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Gaston."

"Níwájú àwọn ará Àjàṣẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó dìde, ó mú àdá, ó lọ sóko ní ìrọ̀lẹ́. Láti ọjọ́ náà kò jẹ oúnjẹ ọwọ́ Clémence mọ́. Kò nà án, kò bú u. Á máa kí i, á máa dáhùn, ṣùgbọ́n bí ó bá gbé oúnjẹ sílẹ̀, á wò ó, á ní òun ti yó. Àwọn ìyàwó ilé yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àga wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi lóko, mo ní, "Èmi tí Jọkẹ́ bí ni mò ń sọ fún ọ pé Ìyá kò bínú! Kí lo fẹ́ kí ó ṣe? Níbo lo wà?" Ó ní, "Ìwọ lè pè é. Òun kò lè pè é." Ó tún ebè kọ. Mo bínú lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń bínú di òní. Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ gbọ́ mi, ó fẹ́ràn ìyá wa ju bó ti yẹ lọ ni. Ṣùgbọ́n ìyá tó ti kú kò nílò ẹni tó máa gbèjà rẹ̀, ìyàwó tó wà láàyè ló nílò rẹ̀, kò sì rí ẹnì kankan.

Clémence ṣì gbìyànjú. Ó ń se ohun tó ń sè, ó ń bù ú sínú ìgò tí kò ní bébà lára, ó ń gbé e lọ sọ́jà Idigny, ó ń jókòó tì í láìlanu. Mo jókòó tì í lọ́jọ́ kan. Ẹni tó ń rà níwájú wa ní, "Ìyá Gaston, ìpara dà?" Clémence tọ́ka sí ìgò. Obìnrin náà ní, "Ṣé ìpara rèé?" Clémence wò yíká, nítorí ọmọ iṣẹ́ Àlájì kan ń ta agolo pupa ní òdìkejì. Ó ní, "Epo ni." "Epo kí ni?" "Epo tí ẹ mọ̀." Obìnrin náà dá ìgò padà sílẹ̀. Ó ní ìpara lòun wá rà, ó sì kọjá sí òdìkejì. Àwọn tó mọ̀ wá kò ju díẹ̀ lọ, àwọn ará Mẹ̀kọ kò sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n rò pé a ti ń da nǹkan mìíràn sí i ni. Àwọn fadá dá Gaston padà sílé. Bàbá rẹ̀ fún un ní ọkọ́.

Ní ìgbà ẹ̀rùn, Clémence palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó ní òun fẹ́ lọ kí àwọn ará ilé òun ní Adakplamè. Kò padà. Barnabé kò lọ mú un wá. Mo ti lọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní ó lọ bá wọn kó àgbàdo, n kò bá a nílé.

Ọdún díẹ̀ kọjá, orúnkún tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Mo wà lọ́jà Pobẹ̀, mo rí agolo pupa, mo ṣí i láti fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Òórùn èfìnrìn gbá mi nímú. Mo fi ìka kàn án. Àdín ni, òrí ni, ó dì bó ṣe yẹ kó dì, kò jóná. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè sè é bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ilẹ̀ Kétu. Mo dé agolo náà padà. Mo gba Adakplamè lọ láì padà sílé.

Wọ́n júwe abà ńlá kan fún mi lẹ́yìn ìlú, páànù ni wọ́n fi bò ó. Clémence wà níbẹ̀ láàárín ìkòkò méjì, ó ti rù, ó ń bu ìpara gbígbóná sínú agolo pupa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sọ ọ́ fún mi: faselíìnì Àlájì kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun, àwọn ènìyàn ti ń sọ bẹ́ẹ̀ kiri, ni Àlájì bá rántí ẹni tó mọ̀ ọ́n sè. Ó rẹ́rìn-ín kí ó tó sọ̀rọ̀, ó ní kí Clémence wá máa sè é fún òun.

Mo ní, "Mùsílíù? Clémence, Mùsílíù lò ń bá ṣiṣẹ́?" Mo sọ̀rọ̀ sí i gan-an. Mo sọ gbogbo ohun tí ẹnu mi mọ̀. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, kò dá ọwọ́ dúró, ó ń bù, ó ń bù.

Ó ní, "Kí ni kí n máa jẹ, Eyínfúnjowó? Ẹ bá mi sọ ọ́. Kí ni kí n fi ránṣẹ́ sí Gaston?"

Mo jókòó sílẹ̀, mo na ẹsẹ̀ mi, mo ní ó dáa, kí ó bu díẹ̀ fún mi, orúnkún mi ń dùn mí, gbogbo ọ̀nà ni mo fi ẹsẹ̀ rìn láti ìkóríta.

Ó dá ọwọ́ dúró nígbà náà. Ó wo ẹnu ọ̀nà, níbi tí ọmọ iṣẹ́ Àlájì Mùsílíù kan jókòó lórí àpótí. Ó wo orúnkún mi. Ó sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀.

"Ẹ foríjì mí. Wọ́n ń wọn òrí fún mi ni, wọ́n sì mọ bí agolo tó máa jáde ṣe pọ̀ tó. Ẹyọ kan kò gbọ́dọ̀ dín."

Mo ní kò burú. Mo kí i, mo dìde. Ó sìn mí dé ibi tí wọ́n gbà á láyè láti sìn mí dé. Lọ́jà Kétu, ní ọ̀nà ilé, mo ra agolo pupa kan lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ Àlájì Mùsílíù. Mo fi pa orúnkún mi kí n tó sùn. Ó ṣiṣẹ́.